Ta Ló Ṣe Àwọn Orí Idẹ Ilé-Ifẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Muṣin, ní Yábàá tàbí ní Sùúrùlérè, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ kò ní kọjá níbi tí àwọn lébìrà ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Bí ẹ bá tún kọjá níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà dáadáa. Ẹ ó rí i pé ilẹ̀ kì í ṣe aláwọ̀ kan. Lókè, ẹ lè rí ọ̀rá omi àti ìdérí ìgò. Nísàlẹ̀ èyí, àwo tánganran tó ti fọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, bóyá àpáàdì ìkòkò àti èédú. Wọn kò tíì bí ẹni tó da ọ̀rá nù nígbà tí ẹni tó ni ìkòkò ń dáná. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, èyí tó wà lókè ló dé kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn.

Mo fẹ́ fi ihò ìpìlẹ̀ yìí dáhùn ìbéèrè kan tí wọ́n fi tàbùkù àwọn baba wa nígbà kan rí: ta ló ṣe àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀?

Ní òpin ọdún 1910, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé sí Ilé-Ifẹ̀. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ níbẹ̀. Ó rí àwọn orí amọ̀ sísun, ó sì rí orí idẹ kan tí í ṣe ti Olókun, tí ẹwà rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ gbé e lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kò gbà fún un; wọ́n ní kí ó dá a padà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ mú orí náà lọ, ẹnu rẹ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ dé gbogbo ayé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kì í ṣe Yorùbá ló ni iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti tẹ̀dó sí etí òkun wa ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú ìbí Jésù. Ó ní ilẹ̀ wa ni Atlantis, ilẹ̀ tí Plato, amòye Gíríìkì nì, sọ pé ó rì sínú òkun. Ó sì ní Olókun wa ni Poseidon, òrìṣà òkun ti àwọn Gíríìkì.

Ẹ̀rí wo ló ní? Ojú rẹ̀ nìkan. Ó wo orí náà, ó rántí àwọn ère tó ti rí ní Yúróòpù, ó sì dájọ́. Mélòó mélòó ni àwọn ènìyàn tó jọra wọn ní ọjà Tejúoṣó, tí wọn kò sì bá ara wọn tan! Orí idẹ náà ti kúrò ní ipò rẹ̀ nínú ilẹ̀ kó tó dé iwájú Frobenius. Kò sí èédú tó sùn tì í, kò sí àpáàdì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí kò ní ará ilé ni, ẹnikẹ́ni sì lè sọ ọ́ di ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì gan-an, nítorí ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn tiwọn. Ọmọ Jámánì mìíràn, Heinrich Schliemann, oníṣòwò tó ti lówó lọ́wọ́, fẹ́ràn ìtàn ogun Troy tí Homer sọ. Láti nǹkan bí ọdún 1870, ó ń walẹ̀ ní òkè kan tí wọ́n ń pè ní Hisarlik, ní ilẹ̀ Túúkì. Ìpele ìlú mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, tí a kọ́ ọ̀kan lórí èkejì. Schliemann rò pé Troy ti Homer yóò wà nísàlẹ̀, nítorí náà ó la kòtò ńlá já àárín òkè náà, ó sì ń kó ti òkè dànù. Ní 1873 ó rí wúrà púpọ̀, ó sì kígbe pé ìṣúra ọba Priam nìyí. Nígbà tí àwọn mìíràn wá fi sùúrù ka àwọn ìpele náà, wọ́n rí i pé wúrà yẹn fi ju 1,000 ọdún lọ ṣáájú ìgbà tí a lè fi ogun náà sí. Púpọ̀ nínú ohun tó ń wá wà nínú erùpẹ̀ tó ti kó dànù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí Ifẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, bá orí idẹ pàdé. Lébìrà ni wọ́n, irú èyí tí ẹ ń rí ní Muṣin. Orí tó jáde níbẹ̀ lé ní mẹ́wàá. Ọ̀kan dé London, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. William Bascom ará Amẹ́ríkà ra méjì, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ayé yà wọ́n lẹ́nu, ọ̀rọ̀ orí kan ṣoṣo sì ti tán. Síbẹ̀, ọkọ́ ló hú wọn jáde; kò sí ẹni tó kọ ìpele tí wọ́n wà sílẹ̀. Ọjọ́ orí wọn kò tíì hàn.

Ní 1957, wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemoo, idẹ tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, Frank Willett gbẹ́ ibẹ̀ bó ti yẹ kí a gbẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀, ìpele kan lẹ́yìn ìpele kejì. Ó bá ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, ó bá ère amọ̀, ó sì bá èédú. Èédú yìí ló ṣe pàtàkì jù.

Gbogbo ohun abẹ̀mí ló ń gba irú kábọ̀n kan tí kì í tọ́jọ́ sára nígbà tó bá wà láàyè. Ọjọ́ tí igi bá kú, kò tún rí òmíràn gbà mọ́. Èyí tó wà nínú rẹ̀ yóò máa dín kù, bí owó ẹni tó fẹ̀yìn tì tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Lẹ́yìn nǹkan bí 5,700 ọdún, yóò ku ìdajì. Lẹ́yìn 5,700 ọdún mìíràn, ìdajì ìdajì náà. Willard Libby ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1949. Ẹ kíyè sí i o: ọjọ́ orí ara rẹ̀ nìkan ni èédú mọ̀. Bí kò bá sí ní ìpele kan náà pẹ̀lú idẹ, kò ní nǹkan kan láti sọ nípa idẹ.

Ohun tí èédú Ifẹ̀ sọ, tí amọ̀ tó kù nínú àwọn idẹ náà sì tún sọ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, ni pé iṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́ ti nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 15. Ìgbà tí iṣẹ́ ère Gíríìkì tayọ jù ti fi ju 1,500 ọdún lọ ṣáájú èyí. Kò sí àpáàdì Gíríìkì kan nínú àwọn ìpele náà, kò sí owó Gíríìkì kan. Ní 2011 àti 2012, ọmọ Yorùbá kan, Abídèmí Babalọlá, gbẹ́ igbó Olókun tí Frobenius ti wá Poseidon sí. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò fi hàn pé ohun èlò ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe gíláàsì náà. Ilé iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni ibẹ̀!

Bẹ́ẹ̀ ni Ifẹ̀ kì í ṣe ìsàlẹ̀ ihò náà. Ní 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn walẹ̀ ní Ihò Elérú, nítòsí Ìsàrun ní ìhà Àkúrẹ́. Ó bá egungun òkú kan níbẹ̀, láàárín òkúta tí àwọn ará àtijọ́ ṣá bí ọ̀bẹ. Èédú fi hàn pé ó lé ní 11,000 ọdún. Ìlú Gíríìkì wo ló wà nígbà náà?

Láti 1955 tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Sùúrùlérè, ìpìlẹ̀ mélòó ni a ti gbẹ́ ní ìhà tiwa yìí, ta ló sì wo ẹ̀gbẹ́ ihò? Bíríkìlà kan fi ìkòkò amọ̀ kékeré kan hàn mí ní Ìtirè. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó gbin òdòdó sínú rẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe jìn tó nígbà tí wọ́n bá a. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, n kò rántí mọ́.”

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá yọ lábẹ́ dígà níwájú yín, ẹ ní kí wọ́n dúró. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ilẹ̀ àbáláyé ni tàbí yanrìn tí ọkọ̀ kó wá láti ibòmíràn, nítorí púpọ̀ nínú ilẹ̀ wa ní Èkó ni a fi yanrìn dí, nǹkan tó bá yanrìn dé kò lè jẹ́rìí sí àdúgbò yín. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fà á yọ. Ẹ fi ọ̀pá wọn bó ṣe jìn tó, ẹ ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà, ẹ ṣa èédú tó bá wà nítòsí rẹ̀ sínú ọ̀rá tó mọ́ láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ sì rán ẹnì kan lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan láti 1957. Àwọn lébìrà lè máa gbẹ́ apá kejì ilé náà lọ kí ó tó dé.