Owó Ìrànwọ́ Lórí Iná Oòrùn: Ta Ni Ń San Án?



Láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti di ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ kan ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù bomi rin oko ẹ̀fọ́ àti oko tòmátò létí odò: "Ìgbà wo ni ìjọba yóò fún wa ní èyí tí ń lo oòrùn?" Àwọn mìíràn a sì máa fi kún un pé, "Owó ìjọba ṣá ni, kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó mú kí a kọ àlàyé yìí. A kò kọ ọ́ láti sọ pé iná oòrùn kò dára. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó ìjọba kò yàtọ̀ sí owó ará ìlú. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tí ń san owó nǹkan kò lè mọ ìgbà tí sísan náà yóò dópin.

KÍ NI OWÓ ÌRÀNWỌ́?

Bí ìjọba bá bá wa san lára iye ọjà kan, kí a lè rà á ní ẹ̀dínwó, èyí tí ìjọba san ni à ń pè ní owó ìrànwọ́. Ti bẹntiróòlù ni gbogbo wa mọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ fi san lára owó epo. Nínú ètò ìnáwó ọdún 2023, tiriliọ̀nù 3.36 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ péré. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti parí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí iye rẹ̀ ní ilé epo ìjọba kò tó 200 náírà ti kọjá 500 náírà ní ìhà Òkè Ọya níbí.

Ta ni ó kọ́kọ́ jìyà? Ẹni tí ó ti fi iye epo ọ̀pọ̀kú ṣírò bí oko rẹ̀ yóò ti tóbi tó ni. Ó ti gbin, ó ti yáwó, ó ti gba alágbàṣe. Gbèsè tí a fi pamọ́ fún un lọ́pọ̀ ọdún wá yọjú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí a rántí èyí bí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń RAN INÁ OÒRÙN LỌ́WỌ́

Pọ́ǹpù bẹntiróòlù kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n láti rà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń jẹ owó. Ti oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀: pátákó sólà, pọ́ǹpù, páìpù àti wáyà, àti bátìrì bí a bá fẹ́ iná lálẹ́. Lẹ́yìn èyí, oòrùn kì í béèrè owó, kò sì ń rú èéfín.

Ìṣòro àgbẹ̀ ni pé kò ní owó ńlá yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí ìjọba bá ní òun yóò bá a san díẹ̀, ìdí wà fún un. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá owó náà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. A mú mẹ́rin wá fún yín.

1. KÍ A FI KÚN OWÓ INÁ GBOGBO ILÉ

Ní orílẹ̀-èdè Jámánì, òfin ọdún 2000 sọ pé ẹni tí ó bá fi oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ ṣe iná yóò máa gba iye kan pàtó lórí rẹ̀ fún 20 ọdún. Wọn kò kó owó náà láti inú àpò ìjọba. Wọ́n fi kún owó iná ará ìlú. Ní ọdún 2017, ó tó 6.88 sẹ́ǹtì yúrò lórí yúnítì iná kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yọ̀ǹda èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ń lo iná púpọ̀, ẹrù náà sì wúwo sí i lórí àwọn ilé. Ní oṣù Keje ọdún 2022 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó iná, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án láti inú àpò rẹ̀. Owó náà kò kú o, àpò ni ó pààrọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a sọ òdodo: nítorí pé àwọn ará Jámánì àti àwọn mìíràn ra pátákó sólà nígbà tí ó wọ́n gan-an, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é pọ̀ sí i, pàápàá ní ilẹ̀ Ṣáínà, iye rẹ̀ sì wálẹ̀ káríayé. Pátákó tí ẹ ń rí lórí òrùlé ní Kaduna lónìí, ìyá onílé kan ní Jámánì ti bá wa san lára rẹ̀.

2. ÌLÉRÍ TÍ KÒ NÍ ÒDIWỌ̀N

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ fetí sí èyí. Ní Àríwá Ireland, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012 kí àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ lè máa fi igi dáná mú ilé gbóná dípò epo. Ọ̀pọ̀ olùsìn adìẹ wọ inú rẹ̀, nítorí òròmọdìẹ kò lè ṣe aláìní ooru. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé iye tí ìjọba ń san lórí ooru náà pọ̀ ju iye igi tí a sun lọ, kò sì sí òdiwọ̀n. Ẹni tí ó bá sun igi pọ́n-ùn kan yóò gbà ju pọ́n-ùn kan lọ. Bí o bá ti ń sun púpọ̀ sí i ni èrè rẹ ń pọ̀ sí i. Ogún ọdún sì ni ìlérí náà.

Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ ní ọdún 2015 pé iye náà yóò dínkù, wọ́n rọ́ wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì. Ní oṣù Kejì ọdún 2016 wọ́n ti ètò náà pa. Wọ́n ṣírò pé àṣejù ìnáwó rẹ̀ lè tó 490 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, igbákejì olórí ìjọba ibẹ̀, Martin McGuinness, fi ipò sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ọdún mẹ́ta gbáko sì kọjá kí wọ́n tó ní ìjọba mìíràn. Àwọn àgbà wa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Níbẹ̀, gbogbo ìlú ni ó ru igbá náà.

3. GBÈSÈ ÀTI DỌ́LÀ

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní oṣù Keje ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bá ilé iṣẹ́ 14 ṣe àdéhùn láti ra iná oòrùn lọ́wọ́ wọn fún 20 ọdún. Wọ́n fẹ́ kọ́ díẹ̀ nínú wọn sí ìpínlẹ̀ Kaduna wa yìí. Iye tí wọ́n fi ẹnu kò sí ni 11.5 sẹ́ǹtì dọ́là lórí yúnítì kan. Nígbà náà, nǹkan bí 300 náírà ni dọ́là kan ní báǹkì, nítorí náà yúnítì kan yóò jẹ́ nǹkan bí 34 náírà àti ààbọ̀. Ní ọdún 2024, dọ́là ti kọjá 1,400 náírà. Yúnítì kan náà, lábẹ́ àdéhùn kan náà, á ti di 161 náírà. Oòrùn kò gbówó lórí, iṣẹ́ kò pọ̀ sí i, náírà wa ni ó rẹlẹ̀.

Ìjọba padà sọ pé iye náà ti pọ̀ jù, ó fẹ́ kí ó di 7.5 sẹ́ǹtì. Wọ́n tún ń jiyàn lórí ẹni tí yóò ṣe onídùúró bí owó kò bá wá. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá láìsí ọ̀kan nínú wọn tí ó tan iná. Ẹ ò rí i pé ìlérí tó pọ̀ jù lè fa owó tó pọ̀ jù, ó sì tún lè fa òkùnkùn.

Ètò mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 pẹ̀lú owó tí a yá lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé. Nínú ètò yìí, ilé iṣẹ́ tí ó bá gbé iná oòrùn dé ìletò máa ń gba 350 dọ́là lórí ilé kọ̀ọ̀kan tí iná dé. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ di 600. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báǹkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là, kí iná lè dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 17.5 ènìyàn ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n owó yíyá ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Dọ́là ni a ó sì fi san án padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lónìí yóò bá wa san nínú rẹ̀.

4. OWÓ TÍ A KÒ FI NÁÍRÀ KÀ

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019 láti fún àgbẹ̀ ní pọ́ǹpù oòrùn. Ìjọba àpapọ̀ ń san 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba ìpínlẹ̀ ń san 30, àgbẹ̀ a sì wá 40 tó kù. Ó lè yá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní báǹkì. Ọ̀pọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ epo nípasẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn amòye ni ti omi. Ní Punjab, níbi tí àgbẹ̀ ti ń fi iná ọ̀fẹ́ fa omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi abẹ́ ilẹ̀ ń jìn sí i. Ẹni tí ń ra epo máa ń tètè pa pọ́ǹpù. Ẹni tí kò san nǹkan kan lè gbàgbé rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí kànga yín bá gbẹ ní oṣù Kẹta, kò sí owó ìrànwọ́ tí yóò dá omi rẹ̀ padà.

TA NI Ń JẸ, TA NI Ń SAN?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní pọ́ǹpù oòrùn kan jẹ́ 1,000,000 náírà, tí ìjọba san 600,000, tí àgbẹ̀ yóò sì mú 400,000 wá. Ẹni tí kò ní 400,000 kò lè rí 600,000 gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó ti ní díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni owó náà ń bá. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta ata nínú agbọ̀n kan náà ń san owó orí ọjà, tí ó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 2020, nígbàkígbà tí ó bá ra ọṣẹ ìfọṣọ ní ilé ìtajà ńlá. Òun náà wà lára àwọn tí ń san án, kò sì sí lára àwọn tí ń jẹ ẹ́.

Bí irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ bá sì jẹ́ 100, ìjọba ti ná 60,000,000. Ó lè jẹ́ pé ìnáwó náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí a máa béèrè pé: kí ni owó yẹn ì bá tún ṣe? Ṣé ọ̀nà oko ni, tàbí ilé ìwòsàn, tàbí ibi tí a ó kó tòmátò pamọ́ sí kí ó má bàa jẹrà?

Ọ̀rọ̀ kan tún kan àwa àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi owó gba ilẹ̀ dá oko. Ètò tí ó bá béèrè ìwé ilẹ̀ kò ní kàn wá. Bí a bá sì ri òpó pátákó mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ láìsí ìwé àdéhùn, ọjọ́ tí onílẹ̀ bá gba ilẹ̀ rẹ̀, ìjà dé.

ÌMỌ̀RÀN WA

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ètò pọ́ǹpù tàbí iná oòrùn wá bá yín, kí ẹ tó tẹ ìka tàbí kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí:

(a) Ta ni ó ń san èyí tí a kò san, títí di ìgbà wo sì ni? Bí ó bá dúró lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé oko wa yóò ṣì jẹ èrè?

(b) Ṣé iye tí a ó máa san lè yí padà bí dọ́là bá yí padà? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

(d) Ta ni yóò tún un ṣe? Bátìrì kì í pẹ́ tó pátákó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó bátìrì tuntun láti ọdún kìíní.

(e) Ṣé a lè tú u kó lọ bí a bá kúrò lórí ilẹ̀ náà?

(ẹ) Wákàtí mélòó ni a ó máa fa omi lójúmọ́ kí kànga má bàa gbẹ?

Níkẹyìn, ẹ má jókòó de ìjọba nìkan. Pátákó sólà ti rọjú ju ti àtijọ́ lọ. Ohun tí ó ń dí púpọ̀ nínú wa lọ́wọ́ ni owó ọjọ́ kìíní, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì lè bá wa gbé ìyẹn. Bí ìdílé márùn-ún tí oko wọn kángun síra bá dá owó ra ẹ̀yọ kan, tí wọ́n pín ọjọ́ omi láàárín ara wọn, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé, wọn yóò mọ ẹni tí ń san án àti ìgbà tí wọn yóò san tán. Bí ìrànwọ́ ìjọba bá wá bá wọn níbẹ̀, kí wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Bí ó bá sì lọ, oko wọn kò ní kú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé dáadáa, kí ó wá bá wa ní ọ́fíìsì ìtọ́jú aráàlú. Bí wọ́n bá ti fún yín ní ìwé àdéhùn, ẹ mú un lọ́wọ́ wá. A ó jọ kà á.