Kí Sítọ́ọ̀ Kòkó Àtijọ́ Tó Di Ilé Gbígbé: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Ará Abúlé

Ní ọ̀pọ̀ abúlé àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Oǹdó àti Èkìtì, ilé kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Sítọ́ọ̀ kòkó ni. Ní ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń gba kòkó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ibẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ti ń kó o lọ. Òfin tí ó fi ẹsẹ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà jáde ní ọdún 1935. Ní ọdún 1986, ìjọba àpapọ̀ tú àwọn Bọ́ọ̀dù tí ń ṣètò títa irè oko ká. Láti ìgbà náà, olúkúlùkù oníkòkó ń ta kòkó rẹ̀ fún oníṣòwò tí ó bá wù ú, púpọ̀ nínú àwọn sítọ́ọ̀ wọ̀nyí sì di ahoro.

Nígbà tí abúlé bá ń wá ibi tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí àgùnbánirọ̀ yóò máa gbé, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ojú ń kọ́kọ́ lọ sí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Olùkọ́ tí kò rí ilé gbé yóò máa ti ìlú wá. Bí òjò bá sì ba ọ̀nà jẹ́, àwọn ọmọ yóò jókòó sí kíláàsì láìsí ẹni tí yóò kọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì tí ń padà sí ìlú ní ìrọ̀lẹ́ kò sí nítòsí nígbà tí ọmọ bá ń mú aboyún ní òru. Ilé tí ó ti ní ògiri, ilẹ̀ àti òrùlé kò ní gba owó tó èyí tí a óò fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́tun.

Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ìpàdé, awuyewuye a máa bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan a sì máa pe ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀rọ̀ ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìbéèrè tí àwọn ará abúlé ń béèrè, òmíràn wà tí ó kan ẹ̀mí ènìyàn. Àwọn àgbà wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a wo ilé dáadáa kí a tó sọ ọ́ di ibùgbé.

TA NI Ó NI ILÉ NÁÀ?

Nǹkan mẹ́ta ni ó wà níhìn-ín, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà: ilẹ̀, ilé, àti ẹgbẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìdílé kan ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀, pé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni a fi kọ́ ilé, pé ẹgbẹ́ náà sì ti tú ká. Nítorí náà, alága tàbí akọ̀wé kan ṣoṣo kò lè dá ilé náà tà tàbí kí ó dá a fi fún ẹnikẹ́ni. Ohun ìní ẹgbẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin wà fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ náà bá sì ti kú, ọ̀gá tí ìjọba fi ṣe olórí ọ̀ràn àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní agbára lábẹ́ òfin láti yan ẹni tí yóò parí ọ̀ràn rẹ̀.

Ní ti ilẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro sí abẹ́ àbójútó ìjọba ìbílẹ̀. Òfin náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé ẹ̀tọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ìdílé tí ó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún kòkó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá ẹ̀bùn wọn tún kan ilé gbígbé.

Ẹ̀rù tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé olówó kan lè tipa bẹ́ẹ̀ gba ilé abúlé mọ́ abúlé lọ́wọ́. Ààbò tí ó wà fún èyí ni kí a yá ilé náà lò fún iye ọdún kan, kí a má tà á. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò máa gbé ibẹ̀, iye ọdún tí yóò fi wà bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò gba owó ilé, ẹni tí yóò máa tún un ṣe, àti ẹni tí ilé yóò padà sí lọ́wọ́ bí kò bá sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ mọ́. Kí ìdílé onílẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ Baálẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ìdílé, ọ̀kan ní káńsù.

ṢÉ OÒGÙN KÒKÓ KÒ LÈ ṢE ẸNI TÍ Ń GBÉ IBẸ̀ NÍ IBI?

Èyí ni ìbéèrè tí ó wúwo jù lọ. Ní púpọ̀ nínú àwọn sítọ́ọ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe kòkó nìkan ni a kó síbẹ̀. A tún kó oògùn tí a fi ń pa kòkòrò ara igi kòkó síbẹ̀, pàápàá Gammalin 20. Lindane ni ohun tí ń pa kòkòrò nínú oògùn náà. Ó ń ba ọpọlọ àti iṣan ara jẹ́, ó sì lè fa gìrì. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn májèlé tí ó yẹ kí a mú kúrò nílẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ lára ènìyàn.

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oògùn kan àti èkejì. Oògùn tí ń di afẹ́fẹ́ láti pa kòkòrò inú àpò kòkó lè pa ènìyàn kíákíá bí ó bá wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ilé sílẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ náà yóò tú ká. Lindane kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá dà sílẹ̀ lè wọ inú sìmẹ́ńtì àti erùpẹ̀, kí ó sì pẹ́ níbẹ̀. Pé a kò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti tán. Àwọn ọmọ kékeré tí ń rá ní ilẹ̀, tí wọ́n sì ń ti ọwọ́ bọ ẹnu, ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù.

Kí a kọ́kọ́ pe àwọn àgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, kí wọ́n fi igun tí a ń kó oògùn sí hàn. Kí a má ṣe rán ọmọdé lọ gbá ilé náà. Kí a má ṣe gbá a ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀; kí a bu omi wọ́n ọn ná. A kò gbọdọ̀ sun agolo tàbí ìgò oògùn àtijọ́, a kò gbọdọ̀ rì í mọ́lẹ̀ nítòsí kànga, a kò sì gbọdọ̀ fi pọn omi. Kí a kó o sọ́tọ̀, kí a ti ibẹ̀, kí a sì pe òṣìṣẹ́ ìlera àyíká, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní wolé-wolé. Òun ni yóò sọ bí a óò ti kó o kúrò, àti bóyá ó yẹ kí a hú ilẹ̀ ibẹ̀, kí a sì da sìmẹ́ńtì titun sí i. Bí oògùn bá ti rin ilẹ̀ ilé náà gbingbin, kí a má fi ṣe ilé gbígbé rárá. Kò sí àǹfààní nínú ilé tí yóò fa nọ́ọ̀sì wá, tí yóò sì mú ọmọ rẹ̀ lọ.

AFẸ́FẸ́, ÒRÙLÉ ÀTI OMI

A kọ́ sítọ́ọ̀ kí olè má baà wọ̀ ọ́, kí òjò má sì kan kòkó. A kò kọ́ ọ fún ẹni tí ń mí. Ilé gbígbé gbọ́dọ̀ ní fèrèsé ní ògiri méjì tí ó kọjú síra wọn, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé ní ìhín kí ó sì jáde ní ọ̀hún. Ó yẹ kí ó ní ilẹ̀kùn kejì, nítorí iná. Bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ó lu ògiri náà, kí òkè fèrèsé má baà wó lé ènìyàn lórí. Ìta ni kí ilé ìdáná wà. Èéfín èédú àti ti jẹnẹrétọ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn nínú, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Bí òrùlé tàbí àjà ilé náà bá jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, a kò gbọdọ̀ fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí kí a fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí ó lè má farahàn títí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a rin ín, kí a tú u ní odindi, kí a sì gbé e kúrò.

Nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í sùn ní sítọ́ọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má ní ṣáláńgá. Ibi tí a óò gbẹ́ ẹ sí kan gbogbo ẹni tí ń pọn omi ní kànga tí ó wà nítòsí. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ni pé kí ó kéré tán jìnnà sí kànga ní 30 mítà, èyí tí ó sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 100, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ kànga, kí ó má wà ní òkè rẹ̀. Bí àyè kò bá gba èyí, kò yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ títí a óò fi rí ibòmíràn.

ÀWỌN ÀLEJÒ ÀTI IBI ÌPÀDÉ

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àlejò yóò wá máa gbé àárín àwọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ti ń kọ́ ọmọ wọn láti àárọ̀ kì í ṣe àlejò ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí àdéhùn sọ pé òṣìṣẹ́ abúlé nìkan ni ilé náà wà fún, kí ẹnikẹ́ni má sì fi háyà fún ẹlòmíràn.

Àròyé mìíràn tún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju èyí lọ. Ní ibòmíràn, iwájú sítọ́ọ̀ ni ibi ìpàdé, ibẹ̀ náà ni a ti ń sá kòkó. Bí ilé bá di ti ẹlòmíràn, níbo ni abúlé yóò lọ? Kí a fi pèpéle ìsákòkó àti ìloro sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn. Bí àwọn àgbẹ̀ bá sì ṣì ń kó kòkó sí inú ilé náà, kí a má sọ ọ́ di ibùgbé, nítorí pé kò yẹ kí ènìyàn àti kòkó tí a ti fín oògùn sí jọ wà lábẹ́ òrùlé kan.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢÁÁJÚ OWÓ

Ìpàdé ni kí ó kọ́kọ́ wáyé, kí àwọn obìnrin sì wà níbẹ̀, nítorí àwọn ni ń pọn omi, àwọn ni ń gbá ilé, àwọn ni ó sì mọ ohun tí ọmọ ń fi sí ẹnu. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá ìwé ilẹ̀ àti ti ilé. Lẹ́yìn náà ni kí òṣìṣẹ́ ìlera àyíká yẹ ilé wò, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Kí a ka ìwé náà sókè ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ìgbà náà ni kí a tó dá owó jọ tàbí kí a ra búlọ́ọ̀kù kan.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Abúlé tí ó bá béèrè gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí lè rí i pé ilé náà dára, kí nọ́ọ̀sì sì máa sùn níbẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sí i. Ó sì lè rí i pé kò dára, kí ó wá ilẹ̀ mìíràn. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, kò ní jẹ́ ara ọmọ ẹnikẹ́ni ni a óò ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìṣìṣe wà nínú iṣẹ́ náà.