Láti ìdí kóòdù dé ìdí àwòrán: ọ̀nà tí Roye Okupe tọ̀

Ní Bassila àti ní Manigri, bí ọmọ kan bá lọ kọ́ informatique ní Parakou tàbí ní Cotonou, ọkàn àwọn òbí rẹ̀ a balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ìwé ẹ̀rí tán, tí ó ní iṣẹ́ àwòrán ni òun fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ nìyẹn. Àwa kò dá òbí tí ó bá bínú lẹ́bi. Òógùn ojú ni a fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, a fẹ́ kí tọmọdé tàgbà gbọ́ ìtàn ọmọ Yorùbá kan kí wọ́n tó dá ẹjọ́ náà.

Ìlú Èkó ni Roye Okupe dàgbà sí. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, ó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì George Washington, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kíkọ́ ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2012 ó dá ilé-iṣẹ́ YouNeek Studios sílẹ̀. Fíìmù àwòrán, ìyẹn dessin animé, ni ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ó wá yà sí ìdí ìwé àwòrán tí àwọn ọmọ wa ń pè ní bande dessinée. Àwọn ènìyàn dá owó fún un lórí Kickstarter, E.X.O. sì jáde ní 2015. Malika tẹ̀ lé e ní 2017. Ní 2021 ilé ìtẹ̀wé Dark Horse gbé Iyanu jáde, ìtàn ọmọbìnrin aláìlóbìí kan tí ó ní agbára àràmàǹdà ní ilẹ̀ Yorùbá inú àlá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Iyanu dé orí Cartoon Network.

Ẹ ka ọdún náà: 13 ni.

Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé kì í ṣe Okupe ni ó ya àwòrán inú ìwé Iyanu. Godwin Akpan ni ó yà á. Okupe ni ó kọ ìtàn náà. Lójú tiwa, ibí yìí ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ó ń ronú àtiyí iṣẹ́ padà tẹjú mọ́ jù lọ. Iṣẹ́ àwòrán kì í ṣe ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá nídìí pẹ́ńsù nìkan. Ẹnìkan ń hun ìtàn, òmíràn ń yà á, òmíràn ń kùn ún, òmíràn sì ń mú kí ó máa rìn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó mọ kóòdù ní àyè níbẹ̀. Blender, irinṣẹ́ àwòrán tí a kì í san kọ́bọ̀ fún, ń gbọ́ èdè Python. Ẹni tí ó bá mọ èdè náà lè pàṣẹ fún un kí ó ṣe ohun tí ọwọ́ ìbá fi odindi ọjọ́ ṣe. Ní Cotonou pàápàá, láti 2019 ni Epitech tí ń kọ́ni ní kóòdù àti Africa Design School ti jọ wà lábẹ́ Sèmè City.

Orúkọ Yorùbá ni Iyanu ń jẹ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ kóòdù ti sú, má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mú àlọ́ kan tí o gbọ́ ní Nàgó lẹ́nu ìyá àgbà, kí o sọ ọ́ di ojú ìwé àwòrán méjì ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Fi hàn bàbá àti ìyá rẹ. Lẹ́yìn náà fi ránṣẹ́ sí wa. A ó wá àyè fún un nínú ìwé ìròyìn yìí, ní Nàgó àti ní Faransé.