Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ń sin alágẹmọ nínú pálọ̀, wọ́n tún ń sin aáyán fún un jẹ

Bí alágẹmọ, tí àwọn kan ń pè ní ọ̀gà, bá já bọ́ láti orí igi sínú ọgbà ẹnì kan ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, ariwo tí wọ́n máa pa níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹnì kan á ní kí wọ́n wá igi, ẹlòmíràn á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé àwọn ayé ló rán an wá. Kí ẹ tó wí pé kí ló dé, wọ́n ti sọ ọ́ lókò pa, àbí kí ẹni tó lójú owó láàárín wọn ti gbé e sínú ike, ó di ọ̀dọ̀ àwọn lékuléja lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ẹranko yìí kan náà ni àwọn bàbá wa sọ pé Olódùmarè rán wá wo ilẹ̀ wò nígbà ìwáṣẹ̀, bóyá ó ti le tó ibi téèyàn lè tẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi tiwa sílẹ̀ ná, ká lọ sí Florida, l'Amẹ́ríkà. Nínú yàrá tó yẹ kí bẹ́ẹ̀dì àlejò wà, ilé alágẹmọ lẹ máa bá níbẹ̀, tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ṣe, tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n gbé ewé tútù sínú rẹ̀, wọ́n tan iná méjì lé e lórí, omi ń kán tó, tó, tó láti òkè. Onílé á wá jókòó síwájú ẹ̀, á máa wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Owó ló fi rà á o, owó gidi.

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Èkíní ni ti ilẹ̀ Yemen, tí orí rẹ̀ ga ṣóńṣó bí ẹni dé fìlà. Èkejì ni ti erékùṣù Madagascar tí wọ́n ń pè ní panther, tí ara rẹ̀ pupa, tó tún ní búlúù, tó tún dà bí ewé, bí ìgbà téèyàn dá aṣọ mẹ́ta pọ̀ lọ òde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo oríṣi alágẹmọ ayé tó jẹ́ pé Madagascar yìí ni ilé wọn. Lọ́dún 2021 ni wọ́n kéde ọ̀kan níbẹ̀ tí akọ rẹ̀ kò gùn ju mílímítà 22 lọ, tòun tìrù. Orí ìka ọwọ́ ló ń jókòó sí!

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí, torí mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ gbọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n ní aṣọ tí ẹ bá gbé alágẹmọ lé ni yóò bá dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Geneva, ní Switzerland, ṣàlàyé pé àwọn nǹkan wínníwínní kan tó ń dán bíi dígí ló wà lábẹ́ awọ panther. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, wọ́n á sún mọ́ra wọn, ara rẹ̀ á dà bí ewé. Bó bá rí akọ bíi tiẹ̀, tí inú ń bí i, wọ́n á jìnnà síra wọn, ni ara bá pọ́n. Ìbínú, òtútù, ooru, ìfẹ́ obìnrin, ìyẹn ló ń yí i láwọ̀. Aṣọ yín ò kàn án.

Àwọn tó ń sìn ín gan-an máa ń sọ pé ìyọnu rẹ̀ ju ti ajá lọ. Ẹ gbé omi síwájú ẹ̀ nínú abọ́, kò ní mọ̀ pé omi ni, òùngbẹ lè pa á síbẹ̀. Ìrì orí ewé ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá ihò sí ìdí ike omi, kó lè máa kán sórí ewé. Iná tó ń ta ìtànṣán bíi ti oòrùn gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ fún bíi wákàtí 10 sí 12 lójúmọ́. Bí kò bá sí i, egungun rẹ̀ á rọ̀, ẹsẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, ẹnu ò ní lè pa dé mọ́. Méjì ò sì lè gbé inú ilé kan. Bó bá rí òjìji ara rẹ̀ nínú dígí, ó lè tìtorí ẹ̀ dúdú fún ìbínú. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun mọ́ra. Èmi ò mọ irú ohun ọ̀sìn tí ìyẹn jẹ́. Ajá á kúkú jùrù fún yín. Èyí á kàn yí ojú kan síwájú, á yí ìkejì sẹ́yìn.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni oúnjẹ. Alágẹmọ kì í jẹ òkú nǹkan. Ohun tó ń mira lójú ẹ̀ ló ń na ahọ́n sí, ahọ́n tó lè gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ra kòkòrò lọ́jọ́ gbogbo, owó á tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìrẹ̀ fúnra wọn. Ìrẹ̀ tí àwa ń wú nínú ihò tá à ń yan jẹ! Inú ike ńlá ni wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n á to páálí ẹyin sínú rẹ̀, wọ́n á gbé abọ́ iyẹ̀pẹ̀ tútù sí i kí abo lè yé sí i. Tí ooru ibẹ̀ bá mú dáadáa, nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 13 lẹyin á pa, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n ti dàgbà. Àmọ́ ariwo ńkọ́? Akọ ìrẹ̀ ò ní sùn, kò ní jẹ́ kí onílé sùn. Ó ń rùn, wọ́n tún máa ń jẹ ara wọn.

Ìyẹn ò tíì burú tó ti àìsàn. Lọ́dún 2002, fáírọ́ọ̀sì kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìrẹ̀ tí wọ́n ń sìn ní Yúróòpù. Nígbà tó fi máa di 2009 sí 2010, ó ti dé Amẹ́ríkà. Kì í mú èèyàn, kì í mú alágẹmọ, ìrẹ̀ nìkan ló ń bá jà. Wọ́n á dojú ọ̀run, wọ́n á máa gbọn ẹsẹ̀, kò pẹ́, ike odindi ti di ibi òkú. Àwọn tó ń fi ìrẹ̀ títà bọ́ ìdílé wọn pàdánù gbogbo rẹ̀, àwọn kan ti ilé iṣẹ́ wọn pa.

Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn yí sí aáyán. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, aáyán! Dubia ni wọ́n ń pè é, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Kì í yé ẹyin sílẹ̀ bíi ti ilé ìdáná wa, ọmọ ló ń bí, 20 sí 40 lẹ́ẹ̀kan. Kì í pariwo, kì í rùn tó ìrẹ̀, kò sì lè gun ara ike tó ń yọ̀. Káròọ̀tì, ọsàn àti ewé ni wọ́n ń fún un, torí ohun tí aáyán bá jẹ lalẹ́ ni alágẹmọ máa jẹ láàárọ̀. Kí wọ́n tó jù ú sílẹ̀ fún un, wọ́n á fi ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù ra á lára bí ẹní ń ra ẹja níyẹ̀fun. Àwa ń fín oògùn aáyán lọ́wọ́ níbí o! Ìyàwó ilé tó bá gbà kí ọkọ òun to ike aáyán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ bá mi kí i.

Àwọn kan ò tiẹ̀ fẹ́ ṣe wàhálà yẹn. Ní Florida, wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tú alágẹmọ Yemen sínú igbó, kí wọ́n lè bí síbẹ̀, wọ́n á wá fi tọ́ọ̀ṣì kó wọn lóru lọ tà. Ibi tí wọ́n tú wọn sí, àṣírí ni, wọn ò ní sọ ọ́ fún ọmọ ìyá wọn. Ní Hawaii, lọ́dún 1972, oníṣòwò kan kó alágẹmọ oníwo mẹ́ta wọlé láti Kenya, ó tú wọn sí ẹ̀yìnkùlé kí ara wọn lè mókun. Wọn ò pa dà mọ́. Àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì wà nínú igbó Hawaii títí di òní.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni tiwa. Alágẹmọ inú igbó Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà wà lára àwọn tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun. Àwọn ará oko á mú un, wọ́n á tà á ní owó táṣẹ́rẹ́, alágbàtà á kó o dé Lomé tàbí Kútọnu, wọ́n á dì í sínú àpò aṣọ, ó di inú bàlúù. Òfin àgbáyé wà tó ní kí wọ́n máa gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó kó o jáde, àmọ́ ìwé àṣẹ ò fún un lómi mu lójú ọ̀nà. Bó bá máa fi débẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú, aràn ti kún inú rẹ̀. Nítorí pé owó rẹ̀ ò pọ̀ tó ti panther, ẹni tí kò sìn ín rí ló sábà máa ń rà á, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ohun tí à ń sọ lókò níbí, wọ́n ń rà á níbẹ̀, ibì kan náà ló sì ń já sí.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa kì í ra èyí tí wọ́n mú nínú igbó, èyí tí wọ́n bí sínú ilé ni wọ́n ń rà. Bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà ní tiẹ̀. Abo ti Yemen, bí kò rí akọ rárá, yóò yé ẹyin, ó lè lé ní 50 lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n bá ń fún un lóúnjẹ jù. Bí kò bá sí iyẹ̀pẹ̀ tó lè gbẹ́ ihò sí nínú ilé rẹ̀, á mú ẹyin náà mọ́ra títí á fi kú. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ti jí láàárọ̀ tó bá tiẹ̀ nílẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ò mọ ohun tó pa á.

Tí ó bá gun akọ, ẹyin yẹn á wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kó tó pa. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn kì í dúró dìgbà yẹn. Bó bá ti ku bí oṣù kan, wọ́n ti ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù sin àwọn eṣinṣin wínníwínní sínú ìgò, torí ọmọ alágẹmọ tó bá jáde láàárọ̀ òní, kò pẹ́ tí ebi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.