Rírú òfin jíju ọ̀fẹ́ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀

Jíju ọ̀fẹ́ ni àǹfààní láti ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n láìsí ìdíwọ́, lẹ́yìn tí alátakò bá ti ṣẹ̀. Àmì kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tó kánjú lè yí àbájáde rẹ̀ padà. Lábẹ́ òfin FIBA, bí alátakò bá wọ inú àpótí kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ajùbọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù sì wọlé, àmì náà dúró. Bí kò bá wọlé, wọn yóò tún un jù. Bí ajùbọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ bá tẹ ìlà kí bọ́ọ̀lù tó kan òrùka irin, kò sí àmì fún un, bí ó tilẹ̀ wọlé.

Àkókò pẹ̀lú ní ààlà: ìṣẹ́jú àáyá 5 ní FIBA, 10 ní NBA. Ní ọdún 2021, àwọn olùwòran a máa ka àáyá sókè bí Giannis Antetokounmpo bá dúró sí ìlà, nítorí pé ó máa ń pẹ́. Rẹfirí sì fi òfin yìí mú un.

Èyí tó ṣàjèjì jù ni mímọ̀ọ́mọ̀ tàsé. Ẹgbẹ́ tí a fi àmì 2 ṣíwájú, tó sì ku jíju kan ṣoṣo fún un nígbà tí eré fẹ́ parí, lè tàsé kí ó lè gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kan òrùka. Bí kò bá kàn án, ó di ti alátakò.