Mo ti ra fúláàtì mi tán, owó kí ni wọ́n tún ń gbà?

Ọ̀rọ̀ ohùn ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé e.

Ìbéèrè ìyá wa kan ni mo fẹ́ dáhùn. Wọ́n ra fúláàtì kan sí Lagos, pé bí àwọn bá ṣíwọ́ ọjà, kí àwọn ríbi forí lé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn níbí, wọn ò tíì sun ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ni ìwé bá dé: kí wọ́n san ₦600,000. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mi ò ti ra ilé mi tán ni?"

Ẹ ti rà á, Mọ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ rà. Inú fúláàtì yẹn ni tiyín, fún iye ọdún tó wà nínú ìwé. Òrùlé, àtẹ̀gùn, géètì, bọ̀hóòlù, gọ́tà, gbogbo yín lẹ jọ ni ín. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti ọdún 1978 tí Land Use Act ti dé, abẹ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. C of O tiwa ní Jos níbí náà ní iye ọdún, 99 ló sábà máa ń jẹ́. Owó ilẹ̀ tí ìjọba ń gbà lọ́dọọdún yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní service charge kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe owó ilé. Owó ìtọ́jú ohun tí ẹ jọ ń lò ni.

Ẹ fi pláásà tiwa wò ó. Ṣọ́ọ̀bù tiyín lẹ ń tì, ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ ń dáwó ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀. Ẹni tó lọ ilé lọ́dún ń dá a, torí ọlọ́dẹ ò yọ tirẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fúláàtì tó ṣófo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀? Fúláàtì méjìlá ló wà níbẹ̀. Ọlọ́dẹ, ₦1,800,000. Dísẹ́ẹ̀lì, ₦1,740,000. Agbálẹ̀ àti ìdọ̀tí, ₦600,000. Àtúnṣe, ₦500,000. Owó àwọn alábòójútó, ₦400,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦5,040,000. Ẹ pín in sí méjìlá, ₦420,000 ni. Níbòmíràn, ẹni tí fúláàtì rẹ̀ tóbi ló ń san jù. Àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí ni yóò sọ ọ́.

Ẹ rí i? ₦420,000 ni, wọ́n sì bèèrè ₦600,000. Nígbà tí a ní kí wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́, ₦180,000 tó kù jẹ́ gbèsè ẹni tó ta ilé fún Mọ̀mí! Lọ́yà ti ń bá wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti béèrè kí wọ́n tó rà ni, ì bá ti dára jù.

Owó kejì tún wà, owó ìpamọ́ fún iṣẹ́ ńlá, bí òrùlé tàbí jẹnẹrétọ̀ tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kó ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báǹkì, kí ẹnikẹ́ni má fi ra dísẹ́ẹ̀lì.

Bí ẹ bá fi fúláàtì yín háyà ní Lagos, ẹ gbọ́ o. Òfin Tenancy tí Lagos ṣe lọ́dún 2011, abala 10, sọ pé rìsíìtì owó yìí gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀, kí onílé sì máa fún ayálégbé ní ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé, ó kéré tán, lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òfin yẹn yọ Apapa, Ikeja GRA, Ikoyi àti Victoria Island sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ra fúláàtì ní London, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn. Òfin England ti ọdún 1985 ní owó náà gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Bí àtúnṣe kan yóò bá ná onífúláàtì kan ju £250 lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Bí ìjà bá dé, ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní First-tier Tribunal ló wà fún un.

Kí ẹ tó rà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ìṣirò owó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé pé olùtà ò jẹ gbèsè, àti iye tó wà nínú owó ìpamọ́. Tí ẹ bá sì ti rà á, ẹ má kàn káwọ́ gbera pé ẹ ò san. Ẹ san èyí tí ìṣirò rẹ̀ hàn, kí ẹ kọ̀wé lórí èyí tó rú yín lójú, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n owó àjọ gbọ́dọ̀ ní ìṣirò.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀. Ọjà á tà o.