Roger Tsien, Ẹni tí ó fi Aró Tú Àṣírí Ọpọlọ

Iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni iṣẹ́ ọpọlọ. Ní àtijọ́, bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣòro láti rí bí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ti ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó la ọ̀nà mìíràn ni Roger Tsien.

Ìlú New York ni a bí i sí ní ọdún 1952, àwọn òbí rẹ̀ sì wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Àìsàn kan tí kì í jẹ́ kí ó mí dáradára ni ó mú un máa jókòó sílé ní ìgbà èwe rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó gbé ń po èlò kẹ́mísírì pọ̀, nítorí pé àwọ̀ mèremère wọn wù ú. Ó jáde ní Yunifásítì Harvard ní 1972, ó sì lọ ṣe ìwádìí ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kálísíọ̀mù, tí í mú egungun le, ni ó yàn ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbàkúùgbà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bá ń ránṣẹ́, kálísíọ̀mù a máa ya wọ inú rẹ̀. Tsien ṣe aró kan tí í di kálísíọ̀mù mú ṣinṣin. Bí ó bá ti dì í mú, ìmọ́lẹ̀ aró náà a yí padà. Ṣùgbọ́n aró yìí kò lè gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá. Nítorí náà, ní 1981, ó fi ìbòjú bò ó. Bí ó bá ti wọlé tán, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì a gé ìbòjú náà kúrò, aró a sì há síbẹ̀ bí eku tí ó kó sí pàkúté.

Síbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń kó aró wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó yanjú ìṣòro yìí. Osamu Shimomura, ọmọ ilẹ̀ Japan, ti ròyìn ní 1962 nípa purotéènì kan tí í tàn ní àwọ̀ ewé, lára ẹran òkun kan tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Douglas Prasher rí jíìnì tí ó pilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi fún Tsien àti Martin Chalfie. Chalfie fi hàn ní 1994 pé ó lè tàn nínú sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára aràn kékeré kan. Tsien tún un ṣe kí ó lè mọ́lẹ̀ sí i. Nígbà tí ó sì di 1997, òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sọ ọ́ di ohun tí sẹ́ẹ̀lì lè ṣe fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa ròyìn kálísíọ̀mù.

Tsien, Shimomura àti Chalfie ni wọ́n jùmọ̀ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Ẹ̀bùn náà kì í kọjá ẹni mẹ́ta; Prasher, tí iṣẹ́ ìwádìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ń wa ọkọ̀ fún ilé ìtajà mọ́tò kan ní àkókò náà. Tsien àti Chalfie pè é lọ sí Stockholm, Tsien sì gbà á sí iṣẹ́ ní San Diego nígbẹ̀yìn.

Tsien kú ní 2016. Kí ó tó kú, iṣẹ́ rẹ̀ ti so èso: ní 2013, àwọn onímọ̀ lo irú purotéènì bẹ́ẹ̀ láti wo sẹ́ẹ̀lì tí ó ju 80 nínú 100 lọ nínú ọpọlọ ọmọ ẹja kan tí ó wà láàyè, láìfi abẹ́rẹ́ kàn wọ́n.